Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Ìsopọ̀ Tó Yá fún Módẹ̀mù àti Kọ̀ǹpútà Yín

Ẹni tó bá sanwó fún íntánẹ́ẹ̀tì tó yá, tí fáìlì wá ń wọ́ bí ìgbín bọ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fún un ló máa kọ́kọ́ pè. Bí ìyẹn ò bá yanjú ẹ̀, á lọ ra módẹ̀mù tuntun. Kì í pẹ́ tó fi máa ń rí i pé tuntun náà ò yá ju ti àtijọ́ lọ, torí ohun tó ń fà á sẹ́yìn ò sí nínú módẹ̀mù rárá. Inú wáyà tó ti ibẹ̀ lọ sí kọ̀ǹpútà ló wà, tàbí ihò tí wọ́n ki wáyà náà bọ̀.

Ibi tó fún jù lójú ọ̀nà ló ń pinnu bí gbogbo ọ̀nà náà ṣe máa yá tó. Bí ìsopọ̀ yín bá ti fi díẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé wá, ó ti tó. Ẹ ò báà ra èyí tó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, fáìlì ò ní tètè dé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ jẹ́ ká wọn nǹkan ká tó ra nǹkan.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Kọ̀ǹpútà tí ẹ ní àṣẹ láti yí sẹ́tíńgì rẹ̀ padà.
- Orúkọ àti nọ́ńbà módẹ̀mù yín. Ó sábà máa ń wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, torí lẹ́tà ibẹ̀ máa ń kéré gan-an.
- Wáyà Ethernet kan (wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ módẹ̀mù) tí wọ́n tẹ CAT5E tàbí CAT6, ìyẹn ìpele wáyà náà, sí lára.
- Wáyà USB tó bá módẹ̀mù wá, bó bá jẹ́ onírú USB.
- Kọ̀ǹpútà kejì, bí ẹ bá lè yá ọ̀kan. Ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn nìkan la máa lò ó fún.
- Iye Mbps (ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn mílíọ̀nù bíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) tí ẹ ń sanwó fún, àti bébà tí ẹ máa kọ nǹkan sí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ohun tó ń wọlé ní ti gidi

Ẹ pa gbogbo ohun tó ń jẹ íntánẹ́ẹ̀tì: fóònù tó ń kó fọ́tò lọ síbi ìpamọ́, tẹlifíṣọ̀n, VPN (ètò tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì yín kọjá síbòmíràn), àti kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojúlé tí wọ́n fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ fi wáyà wọ̀n ọ́n, kí ẹ pa Wi-Fi kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìyẹn. Kí ẹ wá yọ wáyà, kí ẹ fi Wi-Fi wọ̀n ọ́n nítòsí módẹ̀mù. Ẹ tún un ṣe láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ lẹ́tà b. Mbps tó ní b kékeré ni àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. MB/s tó ní B ńlá ni ọ̀pọ̀ búráúsà fi ń sọ bí fáìlì ṣe ń wọlé. Ẹ ní láti pín ti àkọ́kọ́ sí mẹ́jọ kó tó di ìkejì. Ẹni tó sanwó fún 100 Mbps, tó ń rí 12 MB/s lójú búráúsà, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Gbogbo ohun tó sanwó fún ló ń wọlé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò nìyí. Íntánẹ́ẹ̀tì gidi kì í dúró sójú kan. Á ga ní ìdájí, á lọ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti wà lórí rẹ̀. Bí iye tí ẹ ń rí bá wá dúró gbagidi sórí 93, 94 tàbí 95, láàárọ̀ o, lálẹ́ o, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló dúró síbẹ̀ yẹn. Ethernet oní-100 Mbps ló dì í mú. Lára 100 tí wọ́n kọ sí i, nǹkan bíi 94 ló máa ń ṣẹ́ kù fún fáìlì yín, torí àdírẹ́sì àti àwọn àmì tó ń bá dátà rìn gba àyè tiwọn. Bákan náà, bó bá dúró sí nǹkan bíi 940, Ethernet gigabit (oní-1000 Mbps) ló ti kún. Bó bá sì ń rá pálá nítòsí 300 láìjẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fura sí USB 2.0.

Àyẹ̀wò: Ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ gbólóhùn kan báyìí, bíi “à ń sanwó fún 200, wáyà ń fún wa ní 94 nígbà gbogbo, Wi-Fi ń fún wa ní 160.” Ẹni tó bá kọ irú èyí sílẹ̀ ti mọ ìdajì ohun tó ń ṣe é. Bí iye tí ẹ kọ bá ń lọ sókè sódò láti àárọ̀ dé alẹ́, tí kò sì dúró síbì kankan, ó jọ pé ìsopọ̀ yín ò ní ẹ̀bi. Ẹ fo ìyókù, kí ẹ lọ sí Ìgbésẹ̀ 8.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ irú ihò tó wà lára ẹ̀rọ méjèèjì

Iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ àti iye tó máa dé ọwọ́ yín kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn:

- Ethernet 100 Mbps: nǹkan bíi 94.
- Ethernet gigabit, ìyẹn 1000 Mbps: nǹkan bíi 940.
- Ethernet 2.5G, ìyẹn 2500 Mbps: ó ju 2300 lọ.
- USB 2.0: 480 ni wọ́n kọ, àmọ́ nǹkan bíi 300 ló máa ń ṣeé rí lò.
- USB 3.0: 5000 ni wọ́n kọ. Módẹ̀mù ilé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kún un láé.

Ẹ tan iná fóònù sínú ihò USB. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà láàárín rẹ̀ tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ jókòó lé. Bí pátákó náà bá jẹ́ búlúù, tàbí tí wọ́n kọ SS sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà, USB 3.0 ló sábà máa ń jẹ́. Dúdú tàbí funfun sábà máa ń jẹ́ 2.0. “Sábà” ni mo ní o, torí àwọn kan wà tí wọn kì í tẹ̀ lé àwọ̀ kankan. Ti Type-C tún burú jù: bó ṣe rí lójú ò sọ ohunkóhun. Ihò Type-C lè jẹ́ USB 2.0 pérépéré, ó sì lè yá ju 3.0 lọ. Ìwé tó bá kọ̀ǹpútà wá nìkan lẹ lè gbà gbọ́.

Ní ti Ethernet, ẹ ò lè fojú dá 100 mọ̀ yàtọ̀ sí gigabit. Ẹ wá ojú-ìwé módẹ̀mù yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ yà ní fọ́tò. Bí wọ́n bá kọ “10/100” síbẹ̀, 100 ló mọ. Bó bá jẹ́ “10/100/1000”, gigabit ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdẹkùn kan: módẹ̀mù 4G kan wà tí wọ́n kọ “150 Mbps” gàdàgbà sára páálí rẹ̀, ìyẹn ohun tí LTE Cat 4 (ìpele kan lára módẹ̀mù 4G) lè gbà wọlé, tó sì jẹ́ pé ihò Ethernet oní-100 ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí irú módẹ̀mù bẹ́ẹ̀, Wi-Fi 5 GHz (ìgbì rédíò Wi-Fi tó yá ju ti 2.4 GHz lọ) lè yá ju wáyà lọ. Bí a bá ń sọ fún yín nígbà gbogbo pé wáyà ló dáa jù, ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ò ti bá a mu.

Àyẹ̀wò: Ẹ kọ iye méjì sílẹ̀, ti ihò módẹ̀mù àti ti ihò kọ̀ǹpútà. Èyí tó kéré nínú méjèèjì ni ìsopọ̀ yín lónìí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan

Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín ò bá ju 90 Mbps lọ, Ethernet èyíkéyìí ti tó. Ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ lọ wo wáyà ní Ìgbésẹ̀ 4, kí ẹ sì máa gbádùn owó yín.

Bó bá wà láàárín 90 sí 900, Ethernet gigabit lohun tí mo máa yàn láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Kì í nílò dráífà (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹ̀rọ lò) lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣàìsàn, wáyà rẹ̀ sì lè gùn dé 100 mítà láìpàdánù ìyára. Bí kọ̀ǹpútà yín ò bá ní ihò Ethernet, tí èyí sì wọ́pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ra adáptà tó ń sọ USB 3.0 di Ethernet gigabit. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń mú èèyàn. Adáptà kan wà tí wọ́n kọ “Gigabit” sí lára, tó jẹ́ pé USB 2.0 ló fi ń wọ kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni pé Ethernet rẹ̀ jẹ́ gigabit, àmọ́ nǹkan bíi 300 lẹ máa rí, torí USB 2.0 ló fún jù níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i pé “USB 3.0” wà lára páálí, kì í ṣe “Gigabit” nìkan.

Bó bá ju 940 lọ, ẹ nílò 2.5G ní ìhà méjèèjì. Bí módẹ̀mù bá ní in tí kọ̀ǹpútà ò ní in, adáptà USB 3.0 sí 2.5G wà. Bó bá jẹ́ módẹ̀mù ni kò ní in, adáptà kankan ò lè ràn yín lọ́wọ́.

Módẹ̀mù USB kékeré tí wọ́n ń ki bọ kọ̀ǹpútà tààrà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ USB 2.0 látinú wá, torí náà kíkì wọ́n bọ ihò búlúù ò ní sọ wọ́n di 3.0. Síbẹ̀ ó lè ní àǹfààní: ihò USB 2.0 ń fúnni ní iná 500 mA, ti 3.0 ń fúnni ní 900 mA. Módẹ̀mù tó ń já kúrò tó ń padà wá nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi sábà máa ń fara balẹ̀ tó bá rí iná jẹ dáadáa. Ohun tó yẹ kí ẹ tún mọ̀ ni pé ẹ̀rọ àti wáyà USB 3.0 máa ń da ìgbì rédíò 2.4 GHz rú. Bí máùsì aláìníwáyà tàbí Wi-Fi 2.4 GHz yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège lẹ́yìn tí ẹ so adáptà, ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ pẹ̀lú wáyà kúkúrú tàbí kí ẹ lo ihò ìhà kejì.

Àyẹ̀wò: Ẹ kà á sókè: “Íntánẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ báyìí, ìsopọ̀ tí mo yàn lè gbé báyìí.” Bí nọ́ńbà kejì bá fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ ti yàn dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹ wáyà wò

Ẹ mú orí wáyà Ethernet sún mọ́ ojú, kí ẹ wo inú ike rẹ̀ tó mọ́ gaara. Ó yẹ kí ẹ ka okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Ethernet oní-100 ń lo mẹ́rin péré, gigabit ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ohun tó fà á nìyí tí okùn kan ṣoṣo tó já nínú wáyà fi lè sọ gigabit di 100 láìsí ariwo. Iná á ṣì máa tàn, íntánẹ́ẹ̀tì á ṣì máa wọlé, ẹnikẹ́ni ò ní fura. Wáyà tí ẹsẹ̀ àga ti ń tẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àwọn wáyà kan tó bá ẹ̀rọ wá lọ́fẹ̀ẹ́ sì wà tí okùn mẹ́rin péré wà nínú wọn látìbẹ̀rẹ̀.

CAT5E ti tó fún gigabit àti 2.5G nínú ilé. Èmi ò rí ìdí tí ẹnì kan á fi ra wáyà tí wọ́n kọ CAT8 sí fún módẹ̀mù ilé, pàápàá àwọn pẹlẹbẹ tó rẹwà lójú yẹn tí okùn inú wọn tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti USB, ẹ má lo wáyà tó jẹ́ ti fóònù láìdán an wò. Èyí tí wọ́n ṣe fún gbígba iná nìkan ò ní okùn tó ń gbé dátà rárá. Wáyà USB 2.0 tí wọ́n ki bọ ihò 3.0 á mú kó rìn bíi 2.0. Ẹ má jẹ́ kí wáyà 2.0 kọjá mítà 5, ti 3.0 ò sì yẹ kó ju nǹkan bíi mítà 3 lọ. Bí họ́ọ̀bù (ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) bá wà láàárín, ẹ yọ ọ́ kúrò, ó kéré tán títí ẹ ó fi wọn nǹkan tán. Gbogbo ohun tó wà lára họ́ọ̀bù ló jọ ń pín ọ̀nà kan ṣoṣo.

Àyẹ̀wò: Ẹ ki orí wáyà bọ ihò títí ẹ ó fi gbọ́ “kà!” Ẹ wá rọra fà á. Bó bá yọ, etí ike rẹ̀ ti kán. Ẹ wá òmíràn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ ka ìyára tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan sí

Nígbà tí ẹ̀rọ méjì bá so pọ̀, wọ́n máa ń bára wọn ṣàdéhùn lórí iye tí wọ́n máa fi rìn. Iye yìí lẹ fẹ́ kà, ẹ ò tíì ní láti wọn íntánẹ́ẹ̀tì.

Lórí Windows, ẹ ṣí Settings, Network & internet, lẹ́yìn náà Ethernet, kí ẹ wá Link speed. Ẹni tó bá fẹ́ràn àṣẹ títẹ̀ lè ṣí PowerShell kó tẹ:

Get-NetAdapter

Lórí Mac, ó wà nínú System Settings, Network, Ethernet, Details, Hardware. Lórí Linux:

ethtool eth0

kí ẹ fi orúkọ ìsopọ̀ tiyín rọ́pò eth0 (àṣẹ “ip link” á fi orúkọ náà hàn yín). Fún ohun tó jẹ́ USB, ẹ tẹ “lsusb -t”, kí ẹ wo ìparí ìlà tó jẹ́ ti adáptà tàbí módẹ̀mù yín. 480M túmọ̀ sí pé bíi USB 2.0 ló ń rìn, 5000M túmọ̀ sí 3.0. Bí ẹ bá rí 12M, nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan: ẹ yí wáyà àti ihò padà.

Ìkìlọ̀ ńlá: ẹ má fọwọ́ kan sẹ́tíńgì Speed & Duplex. Ẹ jẹ́ kó wà lórí Auto Negotiation. Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ máa ń fipá fi í sórí “100 Mbps Full Duplex” kó lè “dúró dáadáa.” Ìhà kejì tó ṣì wà lórí Auto ò ní rẹ́ni bá a ṣàdéhùn, á gbà pé Half Duplex ni (ìyẹn kí ìhà kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí Full Duplex ń jẹ́ kí méjèèjì sọ̀rọ̀ pọ̀). Àwọn méjèèjì á wá máa sọ̀rọ̀ lu ara wọn, ìyára á wó lulẹ̀ pátápátá. Gigabit orí wáyà bàbà tiẹ̀ nílò àdéhùn yẹn kó tó lè ṣiṣẹ́.

Àyẹ̀wò: 1000/1000 Mbps, tàbí 1.0 Gbps, lẹ fẹ́ rí fún gigabit. Bó bá jẹ́ 100, tí ihò méjèèjì sì jẹ́ gigabit, wáyà ni. Ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 4.

Ìgbésẹ̀ 6: Fún ẹni tó ń lo módẹ̀mù USB nìkan

Ihò kan náà, wáyà kan náà, àmọ́ ọ̀nà tí módẹ̀mù gbà ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Bí ẹ bá ní láti ṣí fèrèsé kan kí ẹ tẹ Connect, tí nọ́ńbà *99# sì fara hàn níbì kan nínú sẹ́tíńgì rẹ̀, ó ń ṣe bíi pé tẹlifóònù ló ń pè, lórí PPP (ìlànà ìsopọ̀ orí tẹlifóònù). Ọ̀nà àtijọ́ nìyẹn, ó sì ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà láìnídìí. Bí módẹ̀mù náà bá mọ MBIM, ìyẹn ọ̀nà tuntun tí módẹ̀mù fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí USB, ẹ lò ó. Windows ti ní dráífà rẹ̀ nínú láti Windows 8. Ẹ yọ sọ́fítíwíà tó bá módẹ̀mù wá, ẹ tún módẹ̀mù kì bọ ihò, kí ẹ wò ó bóyá Cellular á jáde nínú Network & internet. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ kọ APN yín (orúkọ tí módẹ̀mù fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ yín) sílẹ̀, torí ẹ lè nílò láti tún un tẹ̀.

Lórí Linux, “mmcli -m 0” máa ń fi ihò hàn. Bí ẹ bá rí cdc-wdm0, ọ̀nà tuntun wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ttyUSB nìkan ló wà, orí PPP lẹ wà.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí “Maximum Port Speed” tó wà nínú Properties módẹ̀mù, tí wọ́n máa ń kọ 115200 tàbí 460800 sí. Ihò COM tòótọ́ ni nọ́ńbà yẹn wúlò fún. Lórí USB, ihò náà ò sí ní ti gidi, nọ́ńbà rẹ̀ kì í sábà dí ohunkóhun lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò: Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wọ íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹ tẹ Connect.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí wáyà ò bá ṣeé ṣe

Ẹ lo 5 GHz. Láptọ́ọ̀pù tó ní eriali kan ṣoṣo lórí 2.4 GHz lè so pọ̀ ní 72 Mbps péré, ìdajì ìyẹn lẹ sì máa rí lò. Lórí Wi-Fi 5 (ìran Wi-Fi tí wọ́n tún ń pè ní 802.11ac, 5 yìí kì í ṣe ti 5 GHz) tó ní eriali méjì, tí ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ tó 80 MHz, 866 lẹ máa rí kà lójú ẹ̀rọ. Ẹ kà á sí nǹkan bí ìdajì, kí ẹ má baà já ara yín kulẹ̀. Ògiri méjì láàárín á sì tún mú u lọ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán ìsopọ̀ wò láìlo íntánẹ́ẹ̀tì

Ìdánwò tó ń fòpin sí àríyànjiyàn nìyí. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà méjì mọ́ módẹ̀mù, bó bá ní ju ihò Ethernet kan lọ. Ẹ gbé iperf3, ètò ọ̀fẹ́ tó ń wọn ìyára láàárín kọ̀ǹpútà méjì, sórí méjèèjì. Lórí ọ̀kan, ẹ tẹ:

iperf3 -s

Lórí èkejì, ẹ tẹ èyí, kí ẹ fi àdírẹ́sì IP ti àkọ́kọ́ sí i:

iperf3 -c 192.168.1.20

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú -R ní ìparí, kó lè wọn ìhà kejì. Bí kò bá ṣiṣẹ́ rárá, ó lè jẹ́ firewall (ètò ààbò tó ń dí ohun tó ń wọlé) kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ló ń dí i. Ẹ fún iperf3 ní àyè láti kọjá.

Iye tó bá sún mọ́ 940 lórí gigabit fi hàn pé wáyà, ihò àti adáptà yín wà ní pípé. Bí ọ̀nà kan bá ga tí èkejì lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ pààrọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi mọ èyí tó ń bàjẹ́. Bí ẹ ò bá ní kọ̀ǹpútà kejì, ẹ fi àṣẹ ping, tó ń wọn bí èsì ṣe ń pẹ́ tó, dán àdírẹ́sì módẹ̀mù wò fún ìṣẹ́jú kan. Lórí wáyà, èsì ò yẹ kó ju 1 ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) lọ, kò sì yẹ kí ìkankan sọnù.

Bí ìdánwò yìí bá kẹ́sẹ járí, tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ 20 Mbps lórí módẹ̀mù 4G, ẹ fi wáyà sílẹ̀. Ẹ ṣí ojú-ìwé módẹ̀mù nínú búráúsà, kí ẹ wá RSRP, ìyẹn bí àmì 4G ṣe lágbára tó. Nítòsí -80 dBm dára. Bó bá ti wà ní -110 dBm, ẹ gbé módẹ̀mù lọ síbi fèrèsé, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo nọ́ńbà náà títí ẹ ó fi rí ibi tó ti dára jù.